Ǹjẹ́ Owó Oṣù Ẹnì Kan Lè Gbọ́ Bùkátà Ìdílé ní Ìlú Ọba?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yìí, èrò rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àkọtọ́ èdè wa ni n ó tún sọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ owó. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ tí ó tún jẹ́ àlùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ owó láwùjọ, nígbà tí ó ṣe pé nínú iṣẹ́ méjèèjì kò sí èyí tí a fi í di olówó. Bóyá ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni í mọ bí a ti í kà á.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ìwé ẹ̀rí ìwà ni wọ́n ń wá gbà. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ìjọba England ti ṣí ọ̀nà fún olùkọ́ tí a kọ́ ní Nàìjíríà láti tọrọ ìwé àṣẹ olùkọ́ ti ilẹ̀ wọn, bí ó bá jẹ́ pé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Láti ìgbà náà ni yàrá àwọn olùkọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ti dàbí ibùdókọ̀: olúkúlùkù ti di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n ń retí. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ yìí di ₦70,000, ẹ sì mọ iye tí àpò ìrẹsì kan ń jẹ.

Ọ̀kan nínú wọn ni ó mú ọ̀rọ̀ òní wá. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti kúrò lábẹ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, pẹ̀lú ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní àríwá England tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọmọ wọn jẹ́ méjì: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Kò wá béèrè bóyá kí òun lọ tàbí kí òun má lọ. Ìyẹn ti parí lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí ó bá wá ni pé kí n bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun ta oko kókó tí bàbá òun fi sílẹ̀, nítorí owó ọ̀nà kò pé.

Mo bi í léèrè pé, "Èló ni wọn ó máa san fún ọ?"

Ó dáhùn pé, "Bàbá, £32,916 ni lọ́dún. Ó lé ní mílíọ̀nù márùnlélọ́gọ́ta náírà!"

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Iye tí wọ́n fi lélẹ̀ nìyẹn láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 fún olùkọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà, ní gbogbo England yàtọ̀ sí London àti agbègbè rẹ̀. Bí a bá sì ka pọ́n-ùn kan sí nǹkan bí ₦2,000, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọdún náà, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí yóò ra búrẹ́dì ní Sunderland kò ní ohun tí yóò fi náírà ṣe. Pọ́n-ùn ni yóò gbà, pọ́n-ùn ni yóò ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìṣirò kan yìí ti mú kúrò nílé.

Mo ní kí wọ́n jókòó dáadáa, mo sì mú ìwé ńlá kan jáde. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wàásù lórí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ṣe é.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ rárá. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́, tí í ṣe 7.4 nínú 100, mú £2,436 lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó orí: ìjọba kì í fọwọ́ kan £12,570 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ìyókù wọn a gba 20 nínú 100, èyí sì jẹ́ £3,582. Lẹ́yìn èyí ni owó ìdójútòfò ti ìjọba, 8 nínú 100 lórí ohun tí ó bá lé ní £12,570 kan náà, tí ó jẹ́ £1,628. Gbogbo èyí jẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2025 sí 2026. Ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́ £25,270 lọ́dún, tàbí £2,106 lóṣù. Mo fi igi fa ìlà sábẹ́ £2,106 náà lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni owó oṣù tí a ń wí; gbogbo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ìròyìn ni.

Nísinsìnyí, ilé. Ní ọdún 2025, bí a bá da owó ilé gbogbo England pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ó sún mọ́ £1,400 lóṣù. Ní London ó lé ní £2,200. Ní àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí Newcastle, Durham àti Sunderland wà, ó lé díẹ̀ ní £700. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí London ni orúkọ tí gbogbo wa mọ̀, òun sì ni olúkúlùkù ń fẹ́ kí ọmọ òun wà. Olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín London ń gba £40,317 lọ́dún láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, owó orí àti owó ìdójútòfò, ó ku nǹkan bí £2,480 lóṣù. Ó fi £375 ju ti ẹni tí ó wà ní Sunderland lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé rẹ̀ fi nǹkan bí £1,500 ju tirẹ̀ lọ. Bí ó bá san owó ilé tán, ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó £300, kò sì tí ì ra iyọ̀. Ìdí nìyí tí ìdílé mìíràn fi ń gbé inú yàrá kan ní London, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé níwájú ààfin Ọba.

Ní ti àríwá, a kọ ọ́ báyìí, àfojúbù ni o, kì í ṣe òfin: owó ilé £750, owó orí ilé tí ìgbìmọ̀ ìlú ń gbà £130, iná, gáàsì àti omi £200, oúnjẹ ẹni mẹ́rin £450, owó ọkọ̀ £120, tẹlifóònù £50, bàtà, ẹ̀wù òtútù àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ £100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £1,800. Ó ku £306. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn. Ó ní, "Bàbá, ó pé! Ó tilẹ̀ ṣẹ́kù."

Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó pé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó béèrè owó ìwé ìwọ̀lú.

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ mọ oníbodè ayé àtijọ́. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù dé ẹnubodè ìlú yóò san owó, yóò sì kọjá. Bí ó bá ti wọ ìlú, oníbodè kò tún ní í wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníbodè ti Ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi jẹ́ £769 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti àgbà àti ọmọdé. Ti àwọn mẹ́rin jẹ́ £3,076. Lórí èyí ni owó ìtọ́jú ara, tí wọ́n ti gbé lọ sí òkè ní oṣù kejì ọdún 2024: £1,035 lọ́dún fún àgbà, £776 fún ọmọdé, ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà kí a tó gbéra. Ó jẹ́ £10,866. Àpapọ̀ rẹ̀ ni £13,942, tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n náírà, láìka ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn. (Àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì kì í san owó ìtọ́jú ara yìí, olùkọ́ ni í san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni £10,000 tí ìjọba wọn fi ran àwọn olùkọ́ físíìsì àti ti èdè lọ́wọ́ láti ṣí lọ, tí àwọn ènìyàn ṣì ń ròyìn kiri, ọdún ẹ̀kọ́ méjì péré ni ó wà, 2023 sí 2025.) Oko kókó náà ni wọn ì bá fi san èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó bà mí lẹ́rù jù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, oníbodè yóò padà wá. Òfin tí ó wà ní ọdún 2025 ni pé ọdún márùn-ún ni ènìyàn yóò lò kí ó tó lè tọrọ àyè àtigbé ibẹ̀ títí. Ọdún méjì ni ó kù wọ́n kù nígbà náà: owó ìwé £885 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó ìtọ́jú ara ọdún méjì fún àwọn mẹ́rin £7,244, àpapọ̀ £10,784. Mo ní kí ó bá mi sọ £306 di púpọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógójì, iye oṣù ọdún mẹ́ta. Ó ṣe é, ó sì dákẹ́. £11,016 ni. Gbogbo ohun tí wọn yóò fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, láìfi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, láìdá owó sínú àwo ìjọ, láìsí pé ehín dun ẹnikẹ́ni, ni oníbodè yóò kó lọ, tí yóò sì fi £232 sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì sí i, àyè àtigbé ibẹ̀ títí jẹ́ £3,029 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2025, ti mẹ́rin sì jẹ́ £12,116. Ohun tí ọdún méjì ní lọ́wọ́ kò ju £7,344 lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba wọn sì kéde èrò wọn láti sọ ọdún márùn-ún náà di mẹ́wàá. Òótọ́ ni pé owó olùkọ́ a máa gòkè lórí àkàbà, títí dé £45,352 gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Owó ilé pẹ̀lú a máa gòkè, kò sì ní àkàbà.

Nítorí náà ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ mi rí báyìí: owó oṣù kan lè bọ́ ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ní àríwá Ìlú Ọba, bí wọ́n bá mọ nǹkan í ṣọ́, kò lè bọ́ oníbodè mọ́ wọn.

Ẹ ó wí pé kí ìyàwó náà ṣiṣẹ́. Òfin gbà á láyè, nítorí ìyàwó ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú irú ìwé àṣẹ yìí lè ṣe iṣẹ́ tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni obìnrin yìí, ọ̀nà tí a là fún ọkọ rẹ̀ kò sì kan tirẹ̀. Iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ọwọ́, tí owó rẹ̀ tí ó kéré jù ní ọdún 2025 jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan láti oṣù kẹrin. Bí ó bá ṣe ogún wákàtí lọ́sẹ̀, ó lé ní £1,000 lóṣù, ìyẹn sì tó láti dá oníbodè lóhùn. Níbo wá ni ọmọ ọdún méjì yóò wà? Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní England ní wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní àsìkò ilé ẹ̀kọ́. Èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ń ran òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí fún ẹni tí a kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba. Ní ilé, ìyá àgbà ni ilé ìtọ́jú ọmọ. Ta ni í gbé ìyá àgbà lọ sí Sunderland?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa, ó sì yẹ kí Ẹgbẹ́ bí irú èyí rántí rẹ̀. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925, ilé gbígbé wà lára ohun tí ó dà wọ́n láàmú. Ní ọdún 1929 ó padà wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ń tọ àwọn ọba àti ìjòyè lọ láti tọrọ owó, títí wọ́n fi lè ṣí ilé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1933. Àpọ́n ni púpọ̀ nínú àwọn ìyẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ: ọkọ ń kọ́ òfin, aya ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó wọn kò sì gbà kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ. Wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Nursery World pé àwọn ń wá obìnrin tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ wa ni ó bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé àwọn òyìnbó ní ìgbèríko, ẹlòmíràn láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Àwọn mìíràn rí ìtọ́jú rere, a kò gbọdọ̀ sẹ́ èyí. Àwọn mìíràn padà sọ́dọ̀ òbí wọn láìgbọ́ èdè wọn, láìmọ orúkọ tí a sọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní London ní ọdún 1967 tí ó sì dàgbà ní Tilbury, ti fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe sinimá ní ọdún 2018, ó pè é ní Farming. Ẹ wò ó bí ẹ bá ní ọkàn. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà ènìyàn. Owó kan ni wọ́n ní, ìnáwó jẹ́ méjì, ọmọ ni wọ́n sì yọ kúrò nínú ìṣirò.

Mo padà sí tábìlì mi. Mo dá ọ̀nà kan fún wọn: kí ọkọ lọ ṣáájú ní òun nìkan. Owó oníbodè tirẹ̀ jẹ́ £3,874, tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, wọ́n sì ní èyí tí ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ ní báńkì. Bí ó bá gba yàrá kan, tí ó ń dáná fúnra rẹ̀, tí gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò ju £1,000 lóṣù lọ, tí ó sì ń fi £300 ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, yóò ṣẹ́ £806 kù. Ní oṣù méjìlá ó di £9,672. Ní ìgbà náà, ọdún méjì péré ni owó ìtọ́jú ara àwọn mẹ́ta tí ó kù yóò jẹ́, gbogbo owó ìwọ̀lú wọn kò sì ní ju £7,481 lọ. Wọ́n ó lọ, wọn ó bá yàrá àti ilé nílẹ̀, ọmọ kékeré yóò ti pé ọdún mẹ́ta, oko kókó yóò sì wà níbi tí bàbá fi í sí. Mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀.

Ìyàwó náà wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣírò oúnjẹ, ẹ ti ṣírò oníbodè. Ẹ kò tí ì ṣírò ọdún kan tí ọmọ yìí kò ní í rí bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ni ẹ ń bá àwọn tí ọkọ wọn lọ fún ọdún kan ṣe ìpàdé ìdákọ́ńkọ́ ní ilé ìjọ, tí ọdún kan di mẹ́fà."

Òótọ́ ni ó sọ. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ọ̀kan lọ nínú ìjọ tèmi, àti ti àwọn tí ọkọ wọn kò padà pè mọ́. Èmi kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò sì fẹ́ díbọ́n níhìn-ín pé mo ti rí i láti ìgbà náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin Olóyè àti ẹ̀yin àgbà fún, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni ó wà. £306 tí ẹ gbọ́ nì, àwa tí a wà nílé ni a ń ná an kí ó tó ṣẹ́kù. Ọmọ kò tí ì lo oṣù mẹ́ta tí a ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé ìdáwó òrùlé gbọ̀ngàn, òkú àgbà ń dúró de owó rẹ̀, àbúrò ń dúró de owó ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá wí pé òun kò ní, a ó ní ó ti di òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní ọdún mẹ́ta, títí wọn yóò fi san owó oníbodè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gbọ̀ngàn yóò dúró.

Ní ti àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n bàbá kò gbà kí wọ́n ta oko, èmi náà kò sì bẹ̀ wọ́n mọ́. A ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé ṣé wọn yóò lè san owó ìtọ́jú ara ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì ni a ń retí. Bí wọ́n bá gbà, ọkọ yóò lọ ṣáájú. Ìyàwó ní oṣù mẹ́sàn-án ni òun fọwọ́ sí, kì í ṣe méjìlá. Mo ṣírò rẹ̀ fún un pé ní oṣù mẹ́sàn-án owó náà yóò fi ohun tí ó lé ní £1,500 dín. Ó ní òun mọ̀, òun náà mọ ìṣirò. Àjọ tí òun ń dá yóò kan òun ní ọdún tí ń bọ̀, òun yóò fi dí i. Ó ní kí ọkọ òun kọ oṣù mẹ́sàn-án náà sí ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò, kí ó fọwọ́ sí i, kí èmi náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ìyàwó ni ìwé náà wà.